Lọ́yà ọ̀gá mi àtijọ́ kọ̀wé sí mi lẹ́yìn tí mo fiṣẹ́ sílẹ̀: kí ni kí n ṣe?

Olùkọ́ Mápó

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin ará. Láti ọjọ́ Ẹtì ni n kò ti rí oorun sùn dáadáa, ìdí sì nìyí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín. Mo ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìbàdàn fún ọdún mẹ́ta àti oṣù méje. Nígbà tí sáà kejì ń parí lọ, mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, mo fún wọn ní oṣù kan gbáko, mo sì kọ́ àwọn ọmọ títí di ọjọ́ tí mo dá. Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó fọwọ́ sí ẹ̀dà tèmi, ó sì kọ ọjọ́ sí i. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tí kò jìnnà sí ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí.

Lọ́jọ́ Ẹtì tí mò ń wí yìí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ náà dúró dè mí lẹ́nu géètì, ó sì na àpò ìwé kan sí mi níwájú àwọn òbí tí wọ́n wá mú ọmọ wọn. Ìwé lọ́yà ni. Wọ́n ní àdéhùn tí mo fọwọ́ sí sọ pé kí n fún wọn ní sáà kan kí n tó lọ, nítorí náà kí n san owó oṣù mẹ́ta, èyí tí í ṣe ₦195,000. Wọ́n ní kí n dá ₦150,000 padà fún ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ méjì kan tí wọ́n rán gbogbo àwa olùkọ́ lọ ní ọdún tó kọjá. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ níbikíbi nílùú Ìbàdàn fún ọdún mẹ́ta. Wọ́n tún ní mo fa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin kúrò lọ́dọ̀ wọn, pé olè ni ìyẹn jẹ́, àti pé bí n kò bá san gbogbo owó náà láàrin ọjọ́ méje, àwọn yóò fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Owó oṣù mi tó kẹ́yìn, ₦65,000, ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ojúlówó ìwé ẹ̀rí NCE mi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù irin tó wà lọ́fíìsì ọ̀gá, nítorí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọn kò sì dá a padà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kí ló yẹ kí n ṣe?

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ má dá wọn lóhùn rárá. Wọ́n kàn fẹ́ dẹ́rù bà yín ni. Ẹ ya ìwé náà, kí ẹ sì dí nọ́ńbà wọn lórí fóònù yín.

Amòfin Ìyágankú

Mo bẹ̀ yín, àbúrò mi, ẹ má ya ohunkóhun. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe ẹjọ́ láàrin agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, ìwé tí èèyàn fi ìbínú ya ni ó sì máa ń fi omijé wá bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú adájọ́. Ẹ tọ́jú ìwé náà pẹ̀lú àpò rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ó tẹ̀ yín lọ́wọ́ àti orúkọ ẹni tó gbé e wá síbì kan, kí ẹ sì ya fọ́tò gbogbo ojú ewé rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ìwé lọ́yà kì í ṣe ìwé ilé ẹjọ́. Ohun tí oníbàárà rò fún lọ́yà ni lọ́yà kọ sílẹ̀. Kò tíì sí adájọ́ tó gbọ́ ọ, ká má tilẹ̀ sọ pé ó dá yín lẹ́bi. Àwọn fúnra wọn ló dá ọjọ́ méje yẹn, òfin kọ́ ló dá a. Ìwé ìpẹ̀jọ́ yàtọ̀ pátápátá: ó ní nọ́ńbà ẹjọ́, ó ní òǹtẹ̀ ilé ẹjọ́, akọ́dà ilé ẹjọ́ ló sì ń gbé e wá fúnni. Bí ẹ bá rí irú ìyẹn gbà lọ́jọ́ kan, kí ẹ wá amòfin lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ilé ẹjọ́ lè gbọ́ ẹjọ́ lẹ́yìn ẹni tí kò dáhùn, kí ó sì dá a lẹ́bi láìjẹ́ pé ó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ ìwé tó wà lọ́wọ́ yín bóyá amòfin kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, tí òǹtẹ̀ àti èdìdì ẹgbẹ́ wa, NBA, sì wà lára rẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ wa béèrè pé kí ó wà lára ìwé tí amòfin bá fọwọ́ sí nípò amòfin, lẹ́tà náà sì wà lára irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ìwé tí akọ̀wé ilé iṣẹ́ kan tẹ̀, tó sì fi orúkọ lọ́yà tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí wọ́n ń béèrè. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ fún yín pé Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ti yanjú ọ̀rọ̀ ìfitónilétí: ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti lo oṣù mẹ́ta síwájú ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti lo ọdún méjì ṣùgbọ́n tí kò tíì pé márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti pé ọdún márùn-ún. Òótọ́ ni, abala 11 ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ alágbára àti akọ̀wé ni òfin náà ṣe é fún. Iṣẹ́ amọṣẹ́dunjú bí iṣẹ́ olùkọ́ kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ìwé àdéhùn yín ni yóò sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ wá a jáde kí ẹ sì kà á fúnra yín, ẹ má gbára lé ohun tí lọ́yà wọn sọ pé ó wà níbẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ sáà kan ni ẹ fọwọ́ sí, ẹ ti ṣe oṣù kan nínú mẹ́ta, nítorí náà owó oṣù méjì ló kù, ìyẹn ₦130,000, ẹ ó sì yọ ₦65,000 tó wà lọ́wọ́ wọn kúrò nínú rẹ̀. Kò sí bí ìṣirò yẹn ṣe lè di ₦195,000.

Bí wọ́n bá ní àwọn kò tíì gba ìkọ̀wé-fiṣẹ́-sílẹ̀ yín wọlé, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú. Ọjọ́ tí ìwé náà bá ti dé ọwọ́ agbanisíṣẹ́ tàbí aṣojú rẹ̀ ni ó ti múlẹ̀. Ẹ̀dà tí akọ̀wé fọwọ́ sí yẹn níyì ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ní ti owó ẹ̀kọ́, àwọn ni yóò fi hàn pé ẹ gbà kí ẹ tó lọ pé ẹ ó dá a padà bí ẹ bá fiṣẹ́ sílẹ̀, àwọn náà ni yóò fi rìsíìtì hàn pé iye tí wọ́n ná lórí yín nìyẹn. Bí àwọn olùkọ́ mẹ́rìnlá bá jọ lọ, ṣé ₦150,000 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, àbí àpapọ̀ ni?

Ní ti pé kí ẹ má ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, òfin wa kò fẹ́ràn kí a dí èèyàn lọ́nà oúnjẹ rẹ̀. Irú ìdènà bẹ́ẹ̀ kì í múlẹ̀ àfi bí agbanisíṣẹ́ bá fi hàn pé ohun kan wà tó tọ́ kí òun dáàbò bò, bí àṣírí òwò, tí àkókò, ibi àti irú iṣẹ́ tí ó dènà kò sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Abala 68 nínú òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ tó ń mójú tó ìdíje òwò àti ẹ̀tọ́ oníbàárà, sílẹ̀ sì fi ọdún méjì ṣe òpin. Ọdún mẹ́ta ní gbogbo Ìbàdàn fún olùkọ́ kíláàsì! Èmi kò rò pé adájọ́ kankan yóò gbà á.

Ìbéèrè kan ni mo ní fún yín, ẹ fi òótọ́ dá mi lóhùn: ṣé ẹ kó nọ́ńbà àwọn òbí kúrò nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, tí ẹ sì pè wọ́n pé kí wọ́n tẹ̀ lé yín?

Ará Òjòdú

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ọlọ́pàá, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti mú mi. Mò ń ta ọjà fún ilé iṣẹ́ kan ní Èkó. Nígbà tí mo kúrò, wọ́n kó gbogbo gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n lé mi lórí, wọ́n sì ní mo jí owó náà ni. Ọlọ́pàá pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ tutù pẹ̀lẹ́, ó ní kí n kàn wá ká jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Èmi nìkan ni mo dá lọ. Bírò kan wà lórí tábìlì níbẹ̀ tí wọ́n fi òwú so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kí ẹnikẹ́ni má bàa mú un lọ. Bírò yẹn ni mo fi kọ ọ́ pé màá san ₦400,000 láàrin oṣù méjì, nítorí pé ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n sì ní bí n kò bá kọ ọ́, ibẹ̀ ni n ó sùn. N kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ yẹn ni wọ́n ń nà sí mi lójú fún odindi ọdún kan.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni amòfin kan fi hàn mí pé abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí pé ó yẹ àdéhùn tàbí nítorí ọ̀rọ̀ gbèsè lásán, àti pé abala 8 nínú ACJA, òfin ìlànà ẹjọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015, sọ ohun kan náà. Ìwé Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, abala 35, fún yín láǹfààní láti dákẹ́ títí ẹ ó fi bá amòfin yín tàbí ẹni tí ẹ bá yàn sọ̀rọ̀. Béèlì kì í ṣe ohun tí a ń rà lówó. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè yín, ẹ má sá, nítorí ẹni tó bá sá máa ń dà bí ọ̀daràn. Ẹ lọ, ṣùgbọ́n kí amòfin wà pẹ̀lú yín, kí ẹnì kan nílé sì mọ orúkọ àgọ́ náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ni kí ẹ kọ. Ẹ má kọ ìlérí owó kankan síbẹ̀, bí ilẹ̀ tilẹ̀ ṣú.

Ìyá Ọ́fíìsì Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mò ń mójú tó ní ilé iṣẹ́ wa, ìyẹn ni pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá ni mo máa ń jókòó sí. Àwọn ọ̀gá náà máa ń ní ẹ̀tọ́ nígbà mìíràn, olùkọ́ tó bá sì fi ọmọ sílẹ̀ láàrin sáà a máa kó wàhálà bá ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà, kí olùkọ́ wa yẹ ara rẹ̀ wò: ṣé rẹ́jísítà, ìwé máàkì àti kọ́kọ́rọ́ kíláàsì ti padà sọ́dọ̀ wọn? Bí ẹyọ kan bá kù, kí ó dá a padà, kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kan, kí ẹni tó gbà á sì fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí yẹn ká mi lára. Ẹ̀dà ni agbanisíṣẹ́ ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojúlówó a wò ó, a sì dá a padà lójú ẹsẹ̀. ILO, àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ka gbígba ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ mọ́ àwọn àmì iṣẹ́ àfipáṣe, gbígbá ìwé ẹ̀rí mú kò sì jìnnà sí i. National Industrial Court, tí Ìwé Òfin fún láṣẹ lórí gbogbo ẹjọ́ iṣẹ́ láti ìgbà àtúnṣe ọdún 2010, ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ lórí ìwà tí kò tọ́ sí òṣìṣẹ́, ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní Ìbàdàn níbẹ̀. Ẹ fi ìwé béèrè ìwé ẹ̀rí yín, kí ẹ dá ọjọ́.

Nǹkan méjì mìíràn. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà jẹ́ ₦70,000 láti ọdún 2024, ṣùgbọ́n òfin náà yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ẹ ka iye yín. Èkejì, ṣé wọ́n ń yọ owó ìfẹ̀yìntì nínú owó oṣù yín? Ibi iṣẹ́ tí èèyàn 15 bá wà gbọ́dọ̀ yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó òṣìṣẹ́, kí ó fi ìdá 10 tirẹ̀ kún un, kí ó sì fi í ránṣẹ́ láàrin ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tó bá san owó oṣù. Owó yẹn kì í ṣe tiwọn rárá, ìjà yòówù kó wà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Birmingham

Irú èyí wọ́pọ̀ láàrin àwa tí a wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí èèyàn bá fẹ́ fi agbanisíṣẹ́ tó bá a gba físà sílẹ̀, wọ́n á ní kó san ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn. Ìlànà ìjọba lórí gbígba òṣìṣẹ́ ìlera láti òkè òkun sọ pé owó tí wọ́n bá máa gbà padà gbọ́dọ̀ hàn kedere kí èèyàn tó fọwọ́ sí àdéhùn, kí ó má ju ohun tí wọ́n ná gan-an lọ, kí ó sì máa dínkù bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Láti òpin ọdún 2024 pẹ̀lú, wọn kò gbọdọ̀ gbé owó ìwé ìgbọ̀wọ́ físà Skilled Worker ka òṣìṣẹ́ lórí. Ẹ béèrè àlàyé iye náà ní kíkọ, kí ẹ sì pe Acas, àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ nímọ̀ràn níbí, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ rántí pé Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó físà, sábà máa ń fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 60 láti rí agbanisíṣẹ́ mìíràn, nítorí náà ẹ wá iṣẹ́ kejì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Olùkọ́ Mápó

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti rí ìwé àdéhùn náà nínú àpótí aṣọ ìyá mi. Ojú ewé kejì kọ ọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ yẹ àdéhùn nínú àwa méjèèjì yóò fún ẹnì kejì ní «sáà kan tàbí owó oṣù kan dípò rẹ̀». Owó oṣù kan! Lọ́yà wọn kò dárúkọ apá kejì yẹn rárá. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ owó ẹ̀kọ́. Ìdènà ọdún mẹ́ta wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo sì fọwọ́ sí i láìkà á.

Bàbá Amòfin, n kò kó nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. Àwọn ìyá méjì ló pè mí fúnra wọn. Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sórí WhatsApp àwọn òbí kíláàsì mi lọ́jọ́ tó kẹ́yìn pé mò ń lọ, mo sì dárúkọ ibi tí mò ń lọ. Ṣé kí n pa á rẹ́?

Amòfin Ìyágankú

Ẹ má pa á rẹ́. Àwọn òbí ti rí i, ẹni tó bá sì ń pa nǹkan rẹ́ lẹ́yìn tí ìwé lọ́yà dé ni wọ́n máa ń fura sí. Kí èèyàn dágbére kí ó sì sọ ibi tó ń lọ yàtọ̀ sí kí ó máa bẹ òbí kó tẹ̀ lé òun. Òbí ló ni ọmọ rẹ̀, òun náà ló sì ń yan ilé ẹ̀kọ́ fún un. Láti òní lọ, ẹ má kọ ohunkóhun mọ́ sórí WhatsApp yẹn, pàápàá ohunkóhun nípa ìwà ọ̀gá, nítorí ìbanilórúkọjẹ́ lè di ẹjọ́ tiwọn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ojú ewé kejì yẹn ti yanjú ohun tó pọ̀ jù. Ẹ kọ èsì ojú ewé kan sí lọ́yà wọn, ẹ má kọ ọ́ sí ọ̀gá. Ẹ sọ ní òkè rẹ̀ pé ẹ kò fi ẹ̀tọ́ yín kankan sílẹ̀. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀ àti ọjọ́ tí akọ̀wé gba ìwé yín. Ẹ tọ́ka sí ojú ewé kejì àdéhùn, kí ẹ sì ní ẹ ti ṣetán pé kí ₦65,000 tó wà lọ́wọ́ wọn dí ipò owó oṣù kan náà. Ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí ẹ ti gbà láti san owó ẹ̀kọ́ hàn yín. Ẹ kọ̀ ẹ̀sùn olè náà ní gbólóhùn kan ṣoṣo, láìbú ẹnikẹ́ni. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí yín láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí agbára yín kò bá ká owó amòfin, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní gbé ẹjọ́, ní ìpínlẹ̀ yín kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè bá yín gbé e. Ẹni tó bá wà ní Èkó lè lọ sí Citizens' Mediation Centre, ibi tí ìjọba ti ń parí ìjà láìdé ilé ẹjọ́.

Ọmọ Òkè-Àdó

Mo gba ìmọ̀ràn yín, ẹ̀gbọ́n. Mo kánjú sọ̀rọ̀ ni. Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Olùkọ́ Mápó

Ẹ̀yin ará, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo sì ní kí n jábọ̀. Lọ́yà wọn pè mí lọ́jọ́ kẹrin tí èsì mi dé ọwọ́ rẹ̀. A pàdé ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Dùgbẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì bá mi lọ. Ó ṣí ojú ewé kejì, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bi ọ̀gá bóyá ìbùwọ́lùwé rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn èyí kò sí ẹni tó tún mẹ́nu ba ₦195,000 mọ́. Wọ́n fi owó ẹ̀kọ́ àti ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta sílẹ̀, èmi náà sì fi owó oṣù tó kẹ́yìn sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí mi jáde. Pín-ìn-nì tí wọ́n fi so ó mọ́ fáìlì ti dípẹtà, àmì pupa rẹ̀ sì wà ní igun òkè lápá òsì. Mo gbé e mọ́ra bí ọmọ tuntun.

Òṣìṣẹ́ méjìdínlógún ni wá níbẹ̀, nítorí náà òfin ₦70,000 kò kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n èèyàn 18 ju 15 lọ, ìwé owó oṣù mi tó kẹ́yìn kí wọ́n tó dáwọ́ sísan dúró sì fi hàn pé wọ́n yọ ₦5,200 fún owó ìfẹ̀yìntì, àmọ́ nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú owó náà fún mi, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ láti oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí Bàbá Amòfin fi ní kí n má fọwọ́ sí ìwé ìparí-ìjà náà títí wọn yóò fi kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kò kan owó ìfẹ̀yìntì. Wọ́n kọ ọ́ sí i, mo sì fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ Ajé ni mò ń fi ẹ̀dà àwọn ìwé owó oṣù náà ránṣẹ́ sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì.